Ẹran Iléyá Inú Fírísà Ilé Àyẹ̀wò

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ti Motọ́lání ò tiẹ̀ tó oṣù kan. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ló wọlé tọ Dọ́kítà Ọlálérè, ọ̀gá ilé àyẹ̀wò tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àjàó Estate, ó kúnlẹ̀ sórí táìsì, ó kọ̀ kò jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Tí mi ò bá sọ ọ́ tán lónìí, màá tún parọ́ mìíràn." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹ fara balẹ̀ o, torí ẹsẹ̀ ẹnì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Súbérù ló lẹsẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, aṣọ ọmọ ọwọ́ ló ń tà ní ọjà Bọ́ládé. Àtọ̀gbẹ ti dá egbò sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀, ọdún méjì rèé, kò jinná. Dọ́kítà ń dán ìpara kan wò lára rẹ̀. Èròjà kan wà nínú ara tó ń mú ẹran tuntun hù lójú egbò, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìpara náà ń jẹ́ kó pọ̀ sí i. Ojú lásán ò lè rí èròjà yẹn. Áńtíbọ́dì ló ń wá a rí, omi kan tí wọ́n ṣe láti ara ehoro, tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn àfi òun. Wọ́n á fa oje ẹran egbò sórí bébà, wọ́n á da áńtíbọ́dì lé e, ibi tí èròjà bá wà á yọ ilà dúdú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ojúlówó èròjà náà sí, ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é. Bí ẹlẹ́rìí ò bá yọ, áńtíbọ́dì ti bàjẹ́ nìyẹn, kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù.

Iṣẹ́ Motọ́lání nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àmọ́ ọjọ́ kejì Iléyá, táráńsífọ́mà àdúgbò wọn ní Ailegun jó. Ẹran àgbò méjì wà nílẹ̀, fírísà ìyá rẹ̀ ti di àpótí lásán. Ilé àyẹ̀wò ní iná sólà, ọlidé ti lé gbogbo èèyàn lọ sílé, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo kó ẹran náà wá, sà, báàgì dúdú mẹ́ta. Fírísà tá a ń kó áńtíbọ́dì sí ò gbà á. Mo gbé páálí áńtíbọ́dì sórí tábìlì, mo ní tí mo bá to ẹran tán màá wá àyè fún un. Ìyá mi pè mí pé àlejò ti dé, ni mo bá tilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nínú ooru. Ẹ wo ọlọ́gbọ́n èèyàn, ẹran ni mo rántí pé kó má bàjẹ́. Mo dá páálí náà padà, mi ò wí fún ẹnikẹ́ni.

"Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo dúró, àṣìṣe là bá pè é. Mo ṣe àyẹ̀wò, bébà funfun báláú, ẹlẹ́rìí gan-an ò yọ. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa bi mí ohun tó ba áńtíbọ́dì jẹ́. Mo gé ẹlẹ́rìí yẹn kúrò nínú àwòrán tí mo yà bébà náà, mo lẹ ti oṣù tó kọjá mọ́ ọn. Ó wá dà bíi pé ìpara ni ò ṣiṣẹ́. Kọ́láolúwa tá a jọ ń ṣe àyẹ̀wò bi mí, ó ní, 'Àǹtí, ẹlẹ́rìí yìí mọ́ jù, ṣé tòní ni?' Mo ní kó gbájú mọ́ tiẹ̀. Lẹ bá dá ìpara dúró, ilé ìwòsàn sì ní Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ màámá. Èyí tó burú jù rèé, sà. Lánàá, màámá fúnra wọn pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, 'Motọ́lání, ìwọ lò ń wo ẹran ara mi. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìpara yẹn ò ṣe nǹkan kan?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́."

Dọ́kítà ò pariwo. "Ẹran egbò rẹ̀ ńkọ́?" "Ó wà nínú fírísà kejì, sà, mi ò fọwọ́ kàn án." Dọ́kítà tẹ ilé ìwòsàn láago pé kí wọ́n ní sùúrù, ó ránṣẹ́ lọ yá áńtíbọ́dì tuntun lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Yábàá, Kọ́láolúwa ló sì ṣe àyẹ̀wò náà. Ọ̀sán Wẹ́sìdeè, ẹlẹ́rìí yọ. Ti Ìyá Súbérù náà yọ, ó dúdú ju ti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá lọ fíìfíì. Ìpara ti ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí, ni wọ́n bá fagi lé gígé ẹsẹ̀ náà. Motọ́lání bú sẹ́kún, ayọ̀ àti ìtìjú ló pa pọ̀. Dọ́kítà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Fúnra rẹ ni wàá lọ sọ fún un."

Ìyá Súbérù gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀. "Mo ń bínú sí ẹ, mi ò ní tàn ẹ́. Ìdáríjì Ọlọ́run ò jìnnà, tèmi ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Àmọ́ ọwọ́ àwọn tó ń wẹ egbò yìí fún mi le bí ẹni ń fọ ìkòkò. Ìwọ ni kó o máa wá wẹ̀ ẹ́."

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá báyìí tí Motọ́lání ti ń lọ wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ro pé irọ́ inú bébà ò lè dun ẹnikẹ́ni, ẹ bá a lọ lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ wá fi imú gbọ́ òórùn egbò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó ṣe tú báńdéèjì, màámá bi í, "Kí lo rí?" Ọ̀rọ̀ dídùn ti wà lẹ́nu rẹ̀, pé ó ti jinná. Ó gbé e mì. "Etí egbò ti pupa yíká, mà, ẹran tuntun ni. Àmọ́ àárín ṣì jìn, ó tó ìdajì èékánná mi."

Ìyá Súbérù mi kanlẹ̀. "Bó ṣe yẹ kó o máa sọ ọ́ fún mi nìyẹn." Ó wá na ẹsẹ̀ kejì, èyí tó dá ṣáká, lé e lórí itan. "Bá mi fi òróró pa èyí náà, ọmọ mi."