Mo Ba Iṣẹ́ Ọkọ Mi Jẹ́, Ó sì Ń Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi tó ti pẹ́. Mo ti pinnu pé n ó gbé e wọ sàréè, àmọ́ wọ́n fẹ́ fi abẹ la ọwọ́ ọkọ mi lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ọwọ́ náà kò sì ní àrùn kankan. Èmi ni mo mọ ohun tó ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

Kì í ṣe pé mo ka ìmọ̀ràn yín sí bàbàrà o. Mo máa ń ka ohun tí ẹ ń kọ fún àwọn ẹlòmíràn níbí. Púpọ̀ nínú rẹ̀, ọmọ tí a kò tíì já lẹ́nu ọmú lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹlòmíràn sọ fún.

Kumasi níbí ni wọ́n bí mi sí, ará Ìlọrin ni àwọn òbí mi. Moshie Zongo ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi, tí n ó máa pè ní Bàbá Sàkínà. Iṣẹ́ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni wíwé wáyà píánò. Àwọn wáyà ti ìsàlẹ̀ ni mò ń wí, àwọn tó ń dún bí ohùn àgbàlagbà ọkùnrin. Irin ló wà nínú wọn, a ó wá wé bàbà mọ́ irin náà lára kí ó lè wúwo, kí ohùn rẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Ilé ìjọsìn àti ilé ìwé ló ń gbé e wá fún wa. A jẹ́ Mùsùlùmí, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bọ́ wa. Àwọn kan nínú ọgbà wa máa ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò dá wọn lóhùn rí, wọn ò tó ẹni tí mò ń dá lóhùn.

Baba ọkọ mi ló kọ́ mi ní ìṣirò rẹ̀. Bí wáyà bá ṣe gùn tó, ó ní bí irin inú rẹ̀ yóò ṣe nípọn tó, ó sì ní bí bàbà yóò ṣe nípọn tó. Bí o bá ṣì í ṣe, ọ̀kan á máa fà ju èkejì lọ, píánò náà á sì máa ké bí ewúrẹ́. Baba náà kọ́ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ìṣirò ò wọ orí ọmọ.

Ẹnu ni Bàbá Sàkínà ní. Bó bá ń bá olórí akọrin sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé òun ló dá píánò sáyé. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀, torí àwọn náà ò mọ nǹkan kan. Lójú rẹ̀ mò ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kí ìyàwó ṣe. Nínú ọkàn mi, "ìwọ" ni mò ń pè é, mo sì ń fi òmíràn kún un. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́: ọwọ́ rẹ̀ dára. Bàbà máa ń lọ geere lábẹ́ ìka rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí.

Ní ọdún kan, ọ̀gá orin ilé ìwé ńlá kan wá. Ó fẹ́ kí a máa tún gbogbo píánò wọn ṣe. Ó bi wá bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n bàbà tó yẹ, èmi ni mo sì dá a lóhùn. Ọkùnrin náà yípo sí mi, ó ń gbọ́. Bí Bàbá Sàkínà ṣe rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má dá a lóhùn. Ó máa ń bá mi gbá ṣọ́ọ̀bù ni, ló fi gbọ́ díẹ̀díẹ̀ létí."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó ní òun ń padà bọ̀ wá wo bí ọkọ mi ṣe ń wé e, pé òun á gbé píánò kan wá láti fi dán an wò. Èmi ni mo máa ń tọ́jú irin sílẹ̀. A gbọ́dọ̀ fi òòlù lu irin náà pẹlẹbẹ ní ibi tí bàbà yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí, kí bàbà lè rí ibi dì mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé: mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ní róbótó. Mi ò lù ú. Mo tò wọ́n síbi tí mo máa ń tò wọ́n sí.

Kò yẹ̀ wọ́n wò. Láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti kú, kò yẹ irin tí mo bá tọ́jú wò rí. Ìyẹn náà mú mi kẹ́gàn rẹ̀.

Ó wé wọn dáadáa lójú ọ̀gá náà, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣe àwàdà. Nígbà tí wọ́n fà wọ́n sínú píánò, tí ọ̀gá tẹ̀ ẹ́, bàbà ti tú lára irin. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń mi ìṣó nínú agolo. Ọ̀gá tẹ òmíràn, bákan náà ni. Ó kí wa ó dàbọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a ò rí i mọ́.

Bàbá Sàkínà ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni. Nǹkan kan ti ń ṣe é, mi ò kàn sọ fún ẹ ni."

Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mi ò sọ ọ́.

Ó fi ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́, ó ní èmi ni kí n máa wé e. Ó lọ ń ta tẹ̀sùbáà ní ọjà Alabar. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tíì bí ọmọdé. Ilé ìwòsàn ní Bantama yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Dípò kí ó gbà, ó ń wá dókítà kiri títí ó fi rí ẹni tó gbà fún un pé iṣan kan ló há sí ọrùn ọwọ́. Gbogbo oníbàárà tó bá wá, ó máa ń sọ fún wọn pé, "Ìyàwó mi ni ọ̀gá, ọwọ́ tirẹ̀ ló mọ́." Bó ṣe ń yìn mí ni mò ń kórìíra rẹ̀ sí i. Irú ọkùnrin wo ni ẹ lè fi ẹ̀tàn kékeré bẹ́ẹ̀ sọ di aláìsàn?

Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀rù bà mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó wá jẹun nílé, mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti irin, mo sọ ti òòlù. Mo ní, "Wàláhì, èmi ni."

Kò jẹun mọ́. Mo ti ń múra sílẹ̀ de ìgbájú, ẹ jọ̀ọ́, mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ó ní, "Ìyá Sàkínà, Ọlọ́run á ṣàánú ẹ. O fẹ́ ru ìtìjú mi lé ara ẹ kí wọ́n má bàa là mí lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ràn mi tó báyìí."

Mo ní kí ó dìde ká lọ sí ìdí ẹ̀rọ, kí ó wé ẹyọ kan péré, n ó lu irin rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọwọ́ òun dójú ti òun níwájú mi lẹ́ẹ̀kejì. Ó jáde, ó sì lọ ròyìn fún gbogbo ará ọgbà. Ìyá Àṣáńtì tó ń gbé yàrá kejì wá dì mọ́ mi, ó ní, "Maame, woyɛ onipa pa." Ó ní ènìyàn rere ni mí. Ìyá ọkọ mi pè láti Ìlọrin, ó ṣàdúà fún mi títí káàdì rẹ̀ fi tán.

Mo ti fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí àdúà náà ń wọ etí mi, èmi nìkan ni mo kù tí mo lè fojú tẹ́ńbẹ́lú.

Mo lọ bá dókítà náà. Ó ní ọkọ mi ti gbà kí wọ́n la òun, kò sí ohun tí òun lè fi ọ̀rọ̀ wáyà ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n tọrọ àforíjì. Mo ti tọrọ rẹ̀, ó ti fi fún mi, kò sì mọ ohun tó fi jì mí. Ohun tí mò ń bi yín ni èyí: báwo ni mo ṣe lè mú ọkùnrin yìí bínú sí mi kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà tó pé?