Àparò Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Ewúrẹ́ mẹ́rin ń jẹ òwú Ràsáàkì, èmi Mákindé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, mo ń wò wọ́n. N kò lé wọn. N kò ju òkò. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀, àwáwí ni n ó máa wá. Ẹ̀yin ahunṣọ Ìsẹ́yìn, ẹ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹ fẹ́ ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ ní ẹ ó pe àwọn tó ń hun aṣọ, àwọn tó ń ran òwú àti àwọn aláró, kí ìlú lè mọ̀ wọ́n lójú, kí wọ́n sì yìn wọ́n. Ó dára. Ó ti yẹ kí ẹnìkan ṣe é tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún ní ẹ ó kọ orúkọ mi sára ògiri ilé ìpàtẹ náà, nítorí aṣọ tí ẹ ń pè ní Mákindé. Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Àyà ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ ilẹ̀, orúkọ mi kò sì gbọdọ̀ gun ara ògiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé.

Ọdún 1913 ni. Òfì mẹ́sàn-án ló wà ní agbo ilé wa nígbà náà, gbogbo wọn lábẹ́ igi ọdán kan. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìró ọ̀kọ̀ tó ń gba àárín òwú kọjá ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ìró asà tó ń gbá òwú mọ́ra. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi kan òfì kẹta. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ̀fẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òfì Ràsáàkì ló kángun sí tèmi. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́. Ó fi ọdún méjì jù mí, mùsùlùmí ni, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi. Yóò na ọrùn wo iṣẹ́ mi, yóò ní, "Mákindé, aṣọ rẹ yìí le bíi pákó. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ìdúró ni yóò ti jẹun." Èmi yóò ní, "Tìrẹ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí olè yóò jí i, kò ní mọ̀ pé òun jí nǹkan." Àwọn tó kù yóò rẹ́rìn-ín. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró asà ní àárọ̀ ọyẹ́, mo máa ń yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi.

Ó mọṣẹ́ jù mí lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ní ọdún tó ṣáájú èyí, ó lọ ra òwú ní Komu. Nígbà tó ń bọ̀, ó rí ipasẹ̀ àparò nínú eruku ọ̀nà. Ó lóṣòó tì í títí àwọn tí wọ́n jọ ń bọ̀ fi ṣíwájú rẹ̀ dé ilé. Nígbà tó dé, ó fi igi ya ipasẹ̀ náà sílẹ̀ fún mi lábẹ́ igi ọdán. Ó ní, "Wò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rèé. Ẹsẹ̀ òsì rèé. Wọn kò jọra. Ẹyẹ yìí ń rìn ni, kò fò." Ó fẹ́ kí àparò náà rìn lórí aṣọ. Sányán ni yóò fi ṣe ilẹ̀ aṣọ náà, nítorí àwọ̀ eruku ni sányán ní, yóò sì fi sẹ́dà pupa ṣe ẹsẹ̀. Ó gbẹ́ igi pẹlẹbẹ méjì tí yóò máa fi gbé òwú sókè, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ òsì. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ ló ran òwú náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra òwú lọ́jà lónìí, ẹ gbọ́ o. Inú igbó ni wọ́n ti ń ṣa ilé kòkòrò tó ń pèsè sányán. Omi eérú ni wọ́n fi ń sè é. Lẹ́yìn náà ni obìnrin yóò jókòó, yóò máa fà á díẹ̀díẹ̀, yóò máa ran án. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni Àdìjátù fi ran ti aṣọ yìí, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 1913 náà ni Baba Àpọ́nlé, olórí àwọn ahunṣọ, pè wá jọ. Ó ní, "Ajẹ́lẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó dára jù lọ wá sí Ọ̀yọ́. Igbá fínfín, ìkòkò, awọ, aṣọ. Wọn ó ké orúkọ ẹni tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo èèyàn." A wo ara wa. Ẹni tó wọ aṣọ ni wọ́n ń kí lóde, ta ní ń kí ẹni tó hun ún? Baba mi hun aṣọ títí ojú rẹ̀ fi fọ́. N kò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ rí níbi tí wọ́n ti ń yẹ aṣọ sí. Baba Àpọ́nlé wo iṣẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró pẹ́ nídìí òfì Ràsáàkì. Ó ní, "Eléyìí ló ń lọ." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Mákindé, ìwọ náà gbìyànjú." Kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni. Ẹ mọ̀ pé omi ẹ̀kọ la fi ń mú òwú le kí a tó ta á sórí òfì. Ẹ sì mọ̀ pé ewúrẹ́ fẹ́ràn ẹ̀kọ. Nítorí náà àwọn obìnrin ilé wa a máa po omi ewúro mọ́ ọn, kí ó korò lẹ́nu wọn. Òwú Ràsáàkì ti wà lórí òfì láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ó nà gbọọrọ já àgbàlá dé ibi òkúta tó fà á le. Ó ti hun ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo mùsùlùmí ilé ti lọ sí mọ́sáláṣí. Àdìjátù ló ń ṣọ́ òwú. Ó gbé ìkòkò, ó pọn Àmọ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ó wá bá mi. "Bàbá Olúwaṣọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú sí òwú yìí. Omi ti tán nílé." Mo ní, "Ẹ máa lọ, Ìyá Àmọ̀kẹ́. Ojú mi wà ńbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, ẹ̀yin la ó ta sórí òfì o." Ó lọ. Mo wọ ilé. Mo bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú igbá, mo bu omi sí i, mo rò ó. Mo jáde, mo fi ọwọ́ wọ́n ọn sára òwú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ewúro kì í borí iyọ̀ lẹ́nu ewúrẹ́. Ẹ má sọ pé èṣù ló ṣe é. Èṣù kò ní iyọ̀ nínú ilé mi. Èmi ni mo mọ ibi tí ìyàwó mi ń gbé e sí.

Àwọn ewúrẹ́ náà jẹ òwú já ní ọ̀nà mẹ́ta. Àdìjátù ló kọ́kọ́ dé. Ó rọra sọ ìkòkò omi kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá Olúwaṣọlá, ojú yín ńkọ́?" Bí ó ti sọ ọ́ tán ni àwọn ọkùnrin dé láti mọ́sáláṣí. Ràsáàkì dúró nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń ṣọ́ ọ?" Àdìjátù ní, "Àwọn ni mo fi í lé lọ́wọ́." Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, "N kò gbọ́ ohun tó jọ ọ́. Inú ilé ni mo wà, mo ń ka ìwé." Baba Àpọ́nlé mú òwú kan, ó fi kan ahọ́n. Ó ní, "Iyọ̀ wà lára òwú yìí. Ta ló se ẹ̀kọ tí ẹ fi mú un le?" Àdìjátù ní, "Èmi ni." Baba Àpọ́nlé ní, "Ó tán." Wọ́n gbà pé ó ṣì í ṣe, pé iyọ̀ ló bù sí i níbi tó yẹ kó fi ewúro sí. Ràsáàkì wò ó. Ó ní, "Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, o fi bọ́ ẹran." Àdìjátù kò wo ọkọ rẹ̀. Èmi ló ń wò. Ó mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Àsìkò ṣì wà fún mi láti sọ̀rọ̀ nígbà náà. Àsìkò ṣì wà nígbà tó ń di ẹrù. Ọjọ́ kejì ló pọn ọmọ rẹ̀, ó gba ọ̀nà Ṣakí lọ sílé bàbá rẹ̀. Mo sì jókòó sídìí òfì.

Ọjọ́ kẹta, Ràsáàkì wá bá mi. Ó mú ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ náà lọ́wọ́, èyí tí ewúrẹ́ kò dé ibẹ̀. Ó ní, "Mò ń lọ Ṣakí. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ọkọ kì í sọ. N kò mọ ọjọ́ tí n ó bọ̀. Ìwọ ní sányán nílé. Bá mi hun ún, kí o gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Bí wọ́n bá béèrè, sọ pé Ràsáàkì ló dá ọnà náà, sọ pé Àdìjátù ló ran òwú rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, Mákindé. Bí mo bá lè sọ fún un pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, bóyá yóò bá mi padà." Ó fún mi ní igi pẹlẹbẹ méjèèjì. Ó jókòó, ó ń fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n. N kò lè wo ojú rẹ̀, n kò sì wo ọwọ́ rẹ̀. Mo kàn ń mi orí. Nígbà tó lọ, mo rí i pé igi kan péré ni mo mọ̀ ọ́n lò. Mo gbìyànjú èkejì fún ọjọ́ méjì, òwú ń lọ́ pọ̀. Mo pa á tì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo hun, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní, ta ni yóò mọ̀?

Kò sí ẹni tó mọ̀. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n tẹ́ aṣọ náà sórí ẹní láàárín igbá àti ìkòkò, èèyàn kò sì kúrò nídìí rẹ̀. Akọ̀wé kan dé pẹ̀lú ìwé. Ó ní, "Ta ló hun ún?" Mo ní, "Èmi ni." Òtítọ́ ni. Ó kọ ọ́. Ó ní, "Ọnà yìí ńkọ́? Ta ló dá a?" Ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi nìyí, ó sì burú ju ti iyọ̀ lọ. Nígbà tí mo ń wọ́n iyọ̀, orí mi ń gbóná. Ní Ọ̀yọ́, ara mi balẹ̀. Mo rántí ohun tí Ràsáàkì rán mi. Mo rántí ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Mo ní, "Èmi náà ni." Ó ní, "Ta ló ran òwú?" Mo ní, "Àwọn obìnrin ilé wa." Wọ́n ké orúkọ mi. Èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi. N kò ní parọ́ mìíràn lé èyí: ó dùn mọ́ mi títí mo fi dé ilé.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Ràsáàkì nìkan ló padà, ó wá kó ẹrù. Àdìjátù kò bá a wá. Wọ́n ti ń pe aṣọ náà ní Mákindé nígbà náà, òfì márùn-ún ló ń hun ún lábẹ́ igi ọdán. Ó dúró tì mí. Ó na ìka sí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó ń kà á. Ó ní, "Mákindé, àparò rẹ yìí, ẹsẹ̀ kan ló ní." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó ní, "Ibo ló ń tọ lọ?" Ó mú ìka kúrò lórí aṣọ náà. Ó ní, "Àdìjátù kì í fi iyọ̀ se ẹ̀kọ. Mo ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Ọjọ́ kan péré ni mo gbàgbé." Ó gbé ẹrù rẹ̀. Kò fi mí sun ẹnikẹ́ni. Ó fi òfì rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ń gbin iṣu ní Ṣakí lẹ́bàá ilé àna rẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ lè máa rí i. Wọ́n ní ọdún kejì ló tó dáná fún un. Kò hun aṣọ mọ́. Àrùn lúkúlúkú ọdún 1918 ló pa á, Àdìjátù sì tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà.

Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta rèé. Gbogbo Ìsẹ́yìn ń hun àṣìṣe mi. Mo rí i lára ọkọ ìyàwó, mo rí i lára olóyè, mo rí i lára àlùfáà: àparò ẹlẹ́sẹ̀ kan, tó ń fò láti èjìká dé ẹsẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ mi sára ògiri. Ẹ kọ Ràsáàkì, ẹ kọ Àdìjátù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ kí ó tóbi bákan náà. Àmọ̀kẹ́ ọmọ wọn wà ní Ṣakí, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Mo ti fi irú ìwé yìí ránṣẹ́ sí i ṣáájú yín. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dárí jì mí. N kò sọ pé ó di dandan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, bí ẹ bá gba ọnà lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ gba orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá sí ilé mi kí ìpàtẹ tó bẹ̀rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ méjèèjì wà nínú àpótí mi, pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ tí ewúrẹ́ kò jẹ. Ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ipasẹ̀ mọ́kànlá ló wà lára rẹ̀: ọ̀tún mẹ́fà, òsì márùn-ún.