Ìgbésẹ̀ Àkọ́kọ́ Tí Mo Fi Pamọ́

Gbogbo ẹ̀yin tí mo ti sọ fún pé ojú èmi àti ìyá rẹ̀ ni Ayọ̀tọ́lá ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn, irọ́ ni mo pa fún yín. Mo pa á fún àwọn àna mi, mo pa á fún àwọn tí a jọ ń hun aṣọ, mo pa á fún Lèmọ́mù àdúgbò wa nígbà tó wá kí wa, ẹ̀rín ni mo sì fi ń pa á. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù lọ́kàn mi, nítorí a ti bí òmíràn, ọmọ náà sì ti ń di ẹsẹ̀ àga mú dìde. Bí n kò bá tú u síta nísinsìnyí, mo mọ ara mi, màá tún un ṣe ni. Ẹ rẹ́rìn-ín níbi tó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibi tí mo ti so ọmọ mi mọ́lẹ̀, ẹ má bá mi wá àwáwí, nítorí mo ti wá a títí, n kò rí i.

Ṣùkúrù ni orúkọ mi, Ìsẹ́yìn ni mo ti ń hun aṣọ òkè. Waheedat ìyàwó mi jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ní káńsù. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ sórí ìwọ̀n, tó ń kọ ọ́ sínú káàdì wọn, tó ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi wá iṣẹ́ yẹn kó tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ọmọ kan bá sanra díẹ̀ sí i ní abúlé kan tí n kò dé rí, a óò gbọ́ ìròyìn rẹ̀ nílé.

Nígbà tí a bí Ayọ̀tọ́lá, orí wa kọ́kọ́ fẹ́ dàrú fún ayọ̀. Oṣooṣù là ń ṣe ọjọ́ ìbí. Mo ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún un lóṣù kọ̀ọ̀kan, a ó tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, a ó ya fọ́tò, a ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí wásáàpù. Ó rẹ́rìn-ín ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Waheedat ní inú ló ń dà á láàmú, mo ní èmi lọmọ ń rẹ́rìn-ín sí. Ọrùn rẹ̀ le ní oṣù kẹta. Ní oṣù kẹfà ó jókòó, ó ṣubú sẹ́yìn, ó wò wá bíi pé àwa la tì í, ó tún jókòó.

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìyá rẹ̀ lọ sí Otu. Yàrá kan ni òun àti òṣìṣẹ́ méjì jọ ń gbé níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bá a gbé ọmọ. Ni a bá fẹnu kò pé kí ọmọ dúró tì mí nílé òfì, kí ìyá mi máa ràn mí lọ́wọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló ń dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí ní Ìyá Ọlọ́mọ. Mo ń po ògì, mo ń fọ ìdí ọmọ, mo ń hun aṣọ. Àdéhùn kan ṣoṣo ni Waheedat bá mi ṣe kó tó lọ: “Bàbá Ayọ̀, ohunkóhun tó bá ṣe, ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀.”

Mo sì ń pè é. Àlàrùbá kan ni eyín rẹ̀ yọ, mo pè é, ó bú sẹ́kún láàárín ọ́fíìsì. Àlàmísì kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í rá, mo pè é, ó sunkún débi pé ọ̀gá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láti béèrè lọ́wọ́ mi ẹni tó kú. Alẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún mi pé, “Ó yọ eyín, mi ò sí ńbẹ̀. Ó rá, mi ò sí ńbẹ̀. Tó bá tún fi lè rìn tí mi ò sí ńbẹ̀, màá kọ̀wé fiṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni, ẹ gbọ́?” Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni tí kò bá mọ òfì wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òwú gígùn la máa ń nà síwájú, a ó so ìpẹ̀kun rẹ̀ mọ́ òkúta ńlá tí a gbé lé pákó nílẹ̀, kí òwú náà lè le dáadáa. Bí a ṣe ń hun, tí a ń ká aṣọ sọ́dọ̀ ara wa, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà yóò máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ayọ̀tọ́lá fẹ́ràn òkúta yìí. Á rá lọ bá a, á dì í mú dìde, á máa lù ú.

Ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ní ọjọ́ Àìkú, mo gbé aṣọ ìyàwó kan lọ fún oníbàárà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó padà. Ọjọ́ Ajé, Waheedat lọ sí Otu. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń hun aṣọ lọ, mo ká a, òkúta wọ́. Ayọ̀tọ́lá dì í mú, dípò kó ṣubú, ó gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo tún ká a, ó tún tẹ̀ lé e. Ló bá fi òkúta sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì rin ìgbésẹ̀ mẹ́rin wá bá mi, ó fi orí gbá mi lórúnkún.

Oṣù mọ́kànlá! Mo gbé e sókè, mo ń jó. Mo ti mú fóònù kí n tó rántí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ni mo bá dá fóònù padà sápò. Mo ní ní tèmi, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí Jímọ̀ dé, kí ọmọ yìí gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó sì wá rìn lójú ìyá rẹ̀. Àánú ni mo pè é. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí ìyàwó mi má lọ ju iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́rin wá nù, kó wá máa fi ojú yẹn wò mí títí ayé.

Ràmọ́nì tí òfì tiẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ti rí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa ẹnu mọ́. Ìyá mi ló le díẹ̀. Ó ní, “Ṣùkúrù, orí ẹ pé báyìí? Ọmọ tó rìn la fẹ́ fi pamọ́? Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé mi.” Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún un, ó ṣí aṣọ, ó pọn ọmọ, ó ní, “Ó dáa, ẹ̀yìn mi ni yóò máa gbé títí Jímọ̀.” Bí ìyàwó mi bá pè nírọ̀lẹ́, tó béèrè pé, “Bàbá Ayọ̀, ṣé kò sí tuntun?”, màá ní, “Kò sí tuntun o.” Á tún béèrè pé, “Kò sí rárá?” Màá ní, “Rárá.”

Jímọ̀ dé, Waheedat ò dé. Wọ́n ti kó wọn lọ sí Òkàkà láti lọ fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́, ó di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta di ọjọ́ mẹ́wàá! Ẹ wo baba tó ń lé ọmọ rẹ̀ káàkiri ilé òfì, kì í ṣe kó lè rìn, kó má baà rìn ni. Bó bá dìde báyìí, màá ní, “Jókòó!” Bó bá tún dìde, ìyá mi á ní, “Jókòó, ọkọ mi, jọ̀ọ́!” Ẹ̀yìn ìyá mi ń ro ó, ó ń fi róòbù ra á, ó ń bú mi.

Àlàmísì ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ṣe èyí tó burú jù. Ìyá mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ, èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú ọmọ, aṣọ oníbàárà sì ń dúró dè mí. Ìgbà tí Ayọ̀tọ́lá dìde lẹ́ẹ̀kẹwàá, mo mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo hun fún oṣù rẹ̀, èyí tó fi pé oṣù kẹfà, mo so ó mọ́ ọn ní ìbàdí, mo so etí kejì mọ́ òpó òfì. N kò fún un pinpin. Ẹ gbọ́ àwáwí! Ó dìde, aṣọ fà á, ó jókòó. Ó tún dìde, aṣọ tún fà á, ó jókòó. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò dìde mọ́. Ó wo aṣọ náà, ó wò mí, ó fi etí aṣọ bọ ẹnu. Inú mi dùn. Mo ní ọmọ yìí gbọ́n, ó ti gbọ́rọ̀. Mo jókòó, mo hun aṣọ mi parí, mo tilẹ̀ ń súfèé.

Waheedat dé ní ọjọ́ kejì. Kò mu omi, kò bọ́ ìbòrí. Ó gbé ọmọ dúró sórí ilẹ̀, ọmọ ká orúnkún, ó jókòó. Ó tún gbé e dúró, ó tún jókòó. Ojú ìyàwó mi yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń nà án, ó ń ká a. “Bàbá Ayọ̀, ṣé ó ṣubú ni? Ṣé ó ní ibà? Ṣé ẹnì kan fún un lábẹ́rẹ́ nídìí?” Mo ní rárá. Ìyá mi ní, “Kí ló ń kán ẹ lójú, ìyàwó mi? Ṣùkúrù yìí gan-an, ó lé lọ́dún kan kó tó rìn.” Kò gbọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún àwọn ìyá ọmọ pé kí wọ́n má kánjú.

Ní Sátidé, kò sí ohun tí a ò lò. Ó fi àkàrà pè é, ó fi fóònù pè é. Ó ń pàtẹ́wọ́, “Tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́!” Ọmọ kàn ń wo ojú mi ni, ó jókòó pa. Nírọ̀lẹ́, Waheedat mú bébà, ó kọ̀wé. Ó ní, “Màá gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá n’Íbàdàn lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ bá mi fún wọn ní lẹ́tà yìí ní káńsù. Mò ń wọn ọmọ ọlọ́mọ kiri, tèmi ń bàjẹ́ sílé.” Gbogbo irọ́ tí mo pa kó má baà fiṣẹ́ sílẹ̀, òun ló wá mú un fiṣẹ́ sílẹ̀ yìí. Mo la ẹnu, mo ní, “Ìyá Ayọ̀…” Ó gbójú sókè. Mo ní, “Ṣé kí n bá ẹ bu omi ìwẹ̀?” Ọkùnrin ni mo pe ara mi, ẹ má dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo ní kó gbé ọmọ wá sí ilé òfì. Mo gbé Ayọ̀tọ́lá sídìí òkúta, mo jókòó, mo ń hun. Mo ká aṣọ, òkúta wọ́. Kò mira. Mo tún ká a. Ó wò mí. Mo sọ ọ́ nínú mi pé, “Ayọ̀, dárí jì mí, jọ̀ọ́, máa bọ̀.” Mo fi ọwọ́ nu omi ojú mi, mo tún ká a. Ni ọmọ bá di òkúta mú, ó dìde. Ó tẹ̀ lé e. Ó fi í sílẹ̀. Ó rin ìgbésẹ̀ méje wá bá mi!

Waheedat kúnlẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀, ó ń kígbe pé, “Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣe nǹkan! Alhamdulillah, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣe nǹkan!” Ìyá mi, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń ro ó nítorí ẹsẹ̀ yẹn kan náà, òun ló pariwo jù, “Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ rèé o, ẹ wá wò ó!” Ràmọ́nì fi aṣọ bo ojú. Lẹ́tà náà, ìyàwó mi ya á sí wẹ́wẹ́. Èmi ká aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ oṣù kẹfà, mo fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ibẹ̀ ló wà títí di ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mojọlá, àbúrò Ayọ̀tọ́lá, di àga mú dìde, Waheedat sì ní, “Bíi ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ojú èmi àti bàbá ẹ̀ náà ló máa ṣe é.” N kò lè gbé e mọ́. Mo lọ mú aṣọ náà, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá béèrè pé, “Ọjọ́ wo lẹ ní ó rìn?” Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀wà dà sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ó ní, “Bàbá Ayọ̀, ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ẹ̀ ló rìn. Ẹ wà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó rìn láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, èmi nìkan ni mo wà ńbẹ̀. Mo wá rò ó pé ẹ̀yin lẹ̀ ń fọ ìdí ẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ọlọ́mọ, ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ jáde ló wá rìn. Mo ní mi ò ní sọ. Ẹ máa rí i lọ́jọ́ kejì, ẹ máa pè mí, èmi náà á pariwo. Mo ti ń fi ariwo yẹn kọ́ra nínú mọ́tò lọ́nà Otu. Ẹ wá ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé kò sí tuntun. Níbi iṣẹ́ wa, ọmọ tí kò tíì rìn ò bà wá lẹ́rù. Èyí tó ti rìn, tí kò wá rìn mọ́, òun là ń bẹ̀rù.”

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo fi ojú obìnrin yìí rí fún ọjọ́ méjìlá. Òun náà ní òun jẹ̀bi. A bẹ ara wa títí ó fi sú Ayọ̀tọ́lá, tó wé aṣọ náà mọ́rí, tó sá bọ́ síta. Ayọ̀tọ́lá ọmọ mi, lọ́jọ́ tí o bá lè ka ìwé yìí, ìwọ gan-an ni mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di bàbá, ọjọ́ tí ọmọ bá ṣe nǹkan ni kí ẹ sọ ọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá máa sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún.

Àná ni mo kọ ọ́ dé ibí, mo rò pé mo ti parí. Láàárọ̀ yìí, mo wà nídìí òfì, mo ká aṣọ, òkúta wọ́, Mojọlá sì tẹ̀ lé e, ó fi í sílẹ̀, ó rin ìgbésẹ̀ méjì. Mo ju aṣọ nù, mo mú fóònù. Waheedat gbé ìpè náà láàárín ariwo ọmọ ọlọ́mọ ní Otu. Mo ní, “Ìyá Ayọ̀, ó ti rìn! Báyìí báyìí ni!” Ló bá pa ariwo tó fi kọ́ra nínú mọ́tò lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó pa á débi pé Ràmọ́nì gbọ́ ọ láti ìdí òfì tiẹ̀.