Ọwọ́ Tó Gba Orí Máńgòrò Kọjá

Mò ń retí ṣéńjì níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Fẹ́sítáàkì, nígbà tí màmá kan tó ń kọ́lé àti bírikìlà rẹ̀ ń jiyàn lórí bí búlọ́ọ̀kù ṣe máa dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Fọ́kílíìfù onítáyà ńlá lágbára, Mà. Ẹrẹ̀ ò lè dá a dúró. Àmọ́ òkè tààrà ló ń gbé ẹrù lọ, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ògiri. A máa gé igi máńgòrò tó wà níwájú ilé yẹn."

"Ẹ̀rọ kejì ńkọ́?"

"Tẹlihándílà? Ìyẹn ń na ọwọ́ ni! Mo rí i ní Alákijà, ẹnu mi ò lè padé. Ojú títì ló dúró sí, ó gbé búlọ́ọ̀kù gba orí igi kọjá, ó rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Àmọ́ bó ṣe ń na ọwọ́ sí i ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Díẹ̀díẹ̀ la máa kó o, á pẹ́."

Màmá mú píọ̀ wọ́tà kan, ó na ọwọ́ síwájú títí ọwọ́ fi ń gbọ̀n.

"Báyìí?"

"Báyìí gan-an, Mà."

"Kò sì ní kan igi?"

"Ewé kan ò ní já."

"Háà! Ọlọ́run tóbi." Ó fa omi náà mọ́ àyà. "Jẹ́ kó pẹ́. Bàbá àwọn ọmọ mi ló gbin igi yẹn, wọn ò sì dúró láyé jẹ èso rẹ̀."