Èmi Ni Mo Ń Mi Ògiri Monica

Ẹ̀yin ará ilé wa, bí mo bá tún gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, yóò há mi lọ́fun. Inú mi ń dùn lónìí bí ẹni tó fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àwàdà ni mo fẹ́ ṣe. Èmi Sàfíátù, ìyá Yasir, tí gbogbo Ajégúnlẹ̀ ń pè ní Mama Olórin, èmi ni mo ń mi ògiri yàrá Monica. Kì í ṣe tírélà. Kì í ṣe ẹ̀mí àìrí. Monica, ìwọ tí o jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́ yẹn, fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná, kó má baà gún ọ.

Ẹ mọ̀ pé orin ni mo fi ń jí, òun náà ni mo fi ń fọ abọ́. Nígbà kan, bí mo bá ti jókòó síta, àwọn ọmọ ilé yìí á yí mi ká bí èèrà ṣe ń yí ṣúgà ká. Monica wá gba yàrá tó fẹ̀gbẹ́ kan tèmi, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kalẹ̀, ó la ẹnu. Orin Urhobo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni. N kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn tó bá dára. Kò pẹ́ tí ẹnu ọ̀nà mi fi dá páropáro. Mo bi ọmọ kan pé ṣé orin mi kò dùn mọ́ ni. Ó ní, "Mama, ó dùn. Ṣùgbọ́n tiyín, a ti mọ ibi tó ń lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn há mi láyà bí egungun ẹja.

Àsìkò náà ni Yasir ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Warehouse Road, ra ẹ̀rọ orin fún mi. Ó ní àwọn àpótí kéékèèké tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin jáde, ó sì ní ńlá kan tí wọ́n ń pè ní wúfà, tí kò mọ̀ ju gbim gbim ìsàlẹ̀ orin lọ. Yasir so wáyà gbogbo wọn, ó gbé wúfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbálẹ̀, mo tì í sí kọ̀rọ̀, ó fara ti ògiri Monica. Bí mo ṣe tan orin báyìí, mo gbọ́ tí abọ́ rẹ̀ ń jó lórí pákó lọ́hùn-ún, tí òun fúnra rẹ̀ gé orin tó ń kọ sí méjì.

Ẹ má bá mi dì í ru èṣù. Orí ara mi ni mo fi rò ó. Mo yọ wáyà àwọn àpótí kéékèèké kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ, mo dojú wúfà kọ ògiri, mo yí bọ́tìnì rẹ̀ sókè dé òpin. Orin kò lórí, kò lẹ́nu mọ́, gbim gbim nìkan ló kù. Bí Monica bá la ẹnu, mo tẹ rìmóòtù. Bó bá panu dé, mo pa á.

Bàbá Àkànó onílé ní tírélà tó ń gbé kọ̀nténà lọ sí wọ́ọ̀fù Àpápá ló ń mi ilé. Monica dá a lóhùn pé, "Baba, abeg, tírélà wo ló máa ń dúró kí n kọrin kó tó kọjá?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló pọ̀ jù. Ẹ wo ojú àgbà. Ọmọ náà fi òróró àdúrà kun ògiri títí ó fi ń dán, ọkàn mi kò yí padà.

Ibi tó burú jù ló kàn yìí. Monica kanlẹ̀kùn mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Mama, ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ nǹkan yẹn nínú ògiri?" Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìbá tó bẹ́ẹ̀. Mo tún fi kún un pé, "Àbí orin tí ò ń kọ ni kò fẹ́?" Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan là ń gbọ́ ní yàrá rẹ̀. Èmi nìkan wá di olórin ilé. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé orin, ṣe ló ń já bọ́ bí aṣọ tí kò ní okùn tí a óò sá a sí. N kò mọ ìdí.

Ìgbà tí Yasir wá kí mi, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. "Ìyá mi, ta ló yọ wáyà wọ̀nyí?"

Mo ní eku ni.

"Eku yìí mà ní sùúrù o. Kò gé wáyà, ó rọra yọ ọ́ ni."

Ó so wọ́n padà. Ó ní wúfà kì í gbádùn ní kọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ máa ń wú jù níbẹ̀. Ó gbé e sórí àga tí mo máa ń jókòó sí, ó ní kí a wá máa rá káàkiri ilẹ̀, pé ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti dùn mọ́ etí jù ni ká gbé e sí. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín rá."

"Etí ta ló fẹ́ máa gbọ́ ọ?"

"Etí yín ni, mà."

"Jẹ́ kí elétí rá, jàre."

Mo ń rákòrò lọ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrá, mo dé ìdí ògiri Monica, iná bá lọ. Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹ sì mọ̀ mí, n kì í jẹ́ kí ilé dákẹ́. Orin tí ìyá mi fi ń fọṣọ ló bọ́ sí mi lẹ́nu: *Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́, ọ̀sà kò gbẹ.* Mo fẹ́ mí èémí, ègbè bá ti inú ògiri wá, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ẹnu pípadé: *Kò níí gbẹ, kò níí gbẹ láé.*

Monica ni. Ìgbà náà ló yé mi. Ọmọ yìí ti ń gbe orin mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ látọjọ́ tó dé, òun ló ń fún orin mi lẹ́sẹ̀, èmi rò pé ó ń bá mi dupò. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, n kò lè dìde. Yasir ní, "Ìyá mi, ṣé orúnkún ló ń dùn yín?" Mo ní kì í ṣe orúnkún.

Wúfà ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn báyìí, ó jìnnà sí ògiri ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ohùn ẹlòmíràn bá ga ju tiyín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa, ó lè jẹ́ orin yín ló ń gbè.

Monica, ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Kò sí nǹkan kan nínú ògiri rẹ, inú mi ni ohun náà wà. Má wulẹ̀ sọ pé o ti forí jì mí, ẹnu lásán lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ lé orin báyìí. Ẹ̀yin yòókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbè é, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Bí kò bá gbè é lónìí, màá tún lé e lọ́la.

*Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́, ọ̀sà kò gbẹ.*