Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Ràfíátù Lọ́jọ́ Ìdánwò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Láti ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi pàápàá. Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé ìyá ọmọ tí mo ṣẹ̀ wá bá mi nílé, ó ń bẹ̀ mí.

Ọmọ Bantè ni mí. Mò ń ran olùkọ́ kan lọ́wọ́ ní yunifásítì kan ní Savalou. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wá sí kíláàsì. Ìyókù, orí fóònù ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kí n lè fún wọn ní máàkì.

Agoua, nítòsí ìlú wa, ni Ràfíátù ti ń wá, èdè kan náà la jọ ń sọ. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo ti wá fẹ́ràn rẹ̀. Ní Sátidé kan, ó dìde láàárín kíláàsì, ó ní, "Màdáámù, ẹ má bínú, ṣé ẹ tiẹ̀ ń ka iṣẹ́ wa? Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ kọ sábẹ́ iṣẹ́ gbogbo wa."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ, mi ò ka ìkankan. Ṣùgbọ́n ṣé ojú gbogbo ayé ló yẹ kó ti sọ ọ́? Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra ohùn rẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò àfẹnusọ dé, èmi àti olùkọ́ tó jẹ́ ọ̀gá mi jókòó ní Savalou, Ràfíátù wà lẹ́yìnkùlé wọn ní Agoua, à ń wo ojú rẹ̀ lórí fóònù. Ó ń dáhùn dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Lójijì a gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà yíjú sí i.

Ẹ̀yà Mahi ni ọ̀gá mi, kò gbọ́ èdè wa. Ó bi mí pé, "Kí ni obìnrin yẹn ń sọ?"

Mo gbọ́ ọ ketekete. Ó ń bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun ni. Mo ní, "Ìdáhùn ló ń sọ fún un."

Ràfíátù figbe ta: "Màmá mi ni! Oúnjẹ ni wọ́n ń bi mí! Màdáámù, ẹ gbọ́ èdè wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn!"

Mi ò la ẹnu. Ọ̀gá mi pa fóònù. Wọ́n fún un ní òdo, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní yunifásítì. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mò ń sọ yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ gun alùpùpù wá sílé mi. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Màdáámù, ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀gá yín. Ẹnu mi ló ba ọmọ mi jẹ́. Ràfíátù ní ẹ mọ ohun tí mo sọ. Mo ní rárá, ẹ ò gbọ́ dáadáa ni, ọmọ ilẹ̀ wa bíi tiyín kò ní ṣe irú ẹ̀ sí wa. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti gbé fóònù nínú ilé, mo máa ń jáde síta."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá. Ẹ máa lọ." Mo tilẹ̀kùn. Inú ń bí mi sí i, nítorí pé ó gbà mí gbọ́.

Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ mi bọ́ nìyẹn. Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ìdánwò mìíràn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá mi sì ti ní èmi ni kí n máa fetí sí gbogbo ẹni tó bá ń sọ èdè wa.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?