Ohun Tí Wọ́n Kọ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Mi

Láti ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Mo ń jókòó síbi iṣẹ́ mi ní Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo, mo ń dojú kọ kọ̀ǹpútà, n kò sì lè tẹ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí, ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi pa orúkọ ìyá mi rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín, bóyá àyà mi á fúyẹ́.

Ìwé àtijọ́ ni mo máa ń kó sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́dún tó kọjá, ìjọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi ní Iléṣà pè mí pé ikán ti ń jẹ ìwé ìrìbọmi wọn, kí n wá bá wọn kó o wọlé. Èmi ni mo ṣe òfin iṣẹ́ náà: orúkọ ọmọ, ti bàbá, ti ìyá, ọjọ́ ìrìbọmi, kálukú láàárín àmì tirẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé ayé ìgbà náà a máa fi pẹ́ńsù kọ nǹkan tínńtín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Bàbá tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ báyìí bi mí pé, “Ìyá Tóbi, àwọn tẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní fún wọn láyè tiwọn ni?” Mo ní, “Bàbá, ìyẹn kì í ṣe ara dọ́kúmẹ́ǹtì. Ohun tó wà lórí ìlà nìkan ni dọ́kúmẹ́ǹtì.” Irọ́ ni mo pa. Ìkánjú ló ń ṣe mí, pẹ́ńsù tó ti ṣá náà sì ń yọ mí lẹ́nu.

Nígbà tí mo kan orúkọ tèmi, mo rẹ́rìn-ín. Mo rí pẹ́ńsù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ìlà mẹ́ta. N kò kà á. Mo ṣí ìwé sójú ewé tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tí mo parí, mo buwọ́ lùwé pé gbogbo dọ́kúmẹ́ǹtì ti wọlé pé, wọ́n sì dáná sun àwọn ìwé náà kí ikán má bàa wọ inú ìyókù.

Ní Sátidé yẹn, mo lọ kí Ìyá Òkèsà ní Iléṣà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ń fi iṣẹ́ náà yangàn. Bí mo ṣe ní wọ́n ti sun ìwé, Ìyá Òkèsà bi mí bóyá mo ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. Mo ní rárá. Wọ́n wá sọ fún mi pé:

“Ọmọ mi, ẹni tó tọ́ ọ kọ́ ló bí ọ. Ọmọbìnrin kan tó wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ládùúgbò wa ló bí ọ fún bàbá rẹ. Ó gbé ọ sílẹ̀, ó lọ. Bàbá rẹ ní kí akọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o lè rí i lọ́jọ́ tí o bá béèrè. Àbẹ̀kẹ́ la ń pè é. Àbẹ̀kẹ́ ibo, èmi ò mọ̀. N kò mọ̀wé.”

Bàbá mi ti kú, màmá tó pọ̀n mí dàgbà náà ti kú, ta ni mo fẹ́ bi? Mo rí orúkọ ìyá mi pẹ̀lú ojú méjèèjì yìí, mo ní kì í ṣe ara ìwé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, lóòótọ́.

Bí ó bá wà láyé, yóò ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ṣé kí n máa wá a kiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe fi mí sílẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Lánàá, ìyá arúgbó kan gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo béèrè orúkọ wọn. Wọ́n ní Àdùkẹ́. Mo padà lọ jókòó.